Ohun Tí Mo Sọ fún Ọlọ́pàá

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún mẹ́fà tí a ti sin yín kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta, mo mọ̀, ẹ má bínú. Fẹ́mi àbúrò mi ti bí ọmọkùnrin níbí, ní Oldham. Iwájú orí rẹ̀ yọ bíi tiyín gẹ́lẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ yín, Adéyẹmí, ṣùgbọ́n Fẹ́mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò ní fi orúkọ ẹlẹ́wọ̀n pe ọmọ òun. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun, síbẹ̀ ẹnu mi ò gbà á láti bá a wí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Mo ti padà sílé ìwé. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Gorton ni mo ti ń ṣiṣẹ́, bí shift bá parí, mo forí lé yunifásítì. Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: èmi tó ti lé lógójì ọdún, ìtàn àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ààrẹ Amẹ́ríkà dárí jì láyé ọjọ́un ni mò ń kà, láyé tí wọ́n ṣì ń gẹṣin. Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ló kún ibẹ̀. Ìyàwó á kọ, ará àdúgbò á kọ, adájọ́ mìíràn pàápàá á kọ̀wé pé ẹjọ́ tí òun dá kò dá òun lójú mọ́.

Lóṣù tó kọjá, mo ka lẹ́tà obìnrin kan. Ẹ̀rí ẹnu rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sọ aládùúgbò rẹ̀ sẹ́wọ̀n lórí ẹṣin tó sọnù. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ó kọ̀wé sí ààrẹ pé òun ò rí ojú ẹni tó fa ẹṣin náà lọ, òun kàn sọ pé òun rí i ni. Ààrẹ dárí ji ọkùnrin náà. Ìwé ìdáríjì ọ̀hún ò sì sọ pé kò jalè o, ó kàn ní kó máa lọ. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì láti Rusholme títí dé ilé. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí fún mi ní tíṣù.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ọlọ́pàá wá sílé wa ní Ṣàgámù. Wọ́n ti jí jẹnẹrétọ̀ ilé ìwé gbé lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi, ibẹ̀ lẹ ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ yín sì ni kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ wà. Ẹ ní ibà dá yín dùbúlẹ̀, pé ẹ ò jáde rárá. Màmá ti pọn Fẹ́mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi nìkan ló wà nílé pẹ̀lú yín. Ọlọ́pàá bi mí bóyá ẹ jáde. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, bàbá mi, mo sì ti sùn fọnfọn látìgbà tí mo jẹun tán. Mi ò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ló bi mí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì kọ́ mi pé ọmọ tí àgbà bi léèrè tó dákẹ́ kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kà á ní kóòtù, wọ́n sì fi yín sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Ẹ ti lo méjì kí gómìnà tó dárí jì yín pẹ̀lú àwọn mìíràn.

Àwọn ará àdúgbò wá ń kí yín kú oríire, ẹ sì ń bi wọ́n pé kí lẹ ṣe tí wọ́n fi dárí jì yín. Ilé ìwé ò gbà yín padà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò jẹ́ kí ẹ gbé igbá ọrẹ mọ́. Ẹ tún máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ara yín títí ẹnìkan á fi ní kí ẹ wọlé. Síbẹ̀ ẹ ò bi mí léèrè rí. Ẹ ń bó ọsàn fún mi, ẹ ń yọ hóró rẹ̀ dànù torí ẹ mọ̀ pé mo máa ń gbé e mì. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo sùn lọ́jọ́ náà? Ṣé torí mi lẹ ṣe dákẹ́? Kí ló dé tí ẹ ò tiẹ̀ nà mí?

Lọ́jọ́bọ̀ mo wọ tram lọ sí Oldham. Mo jókòó sí kíṣìnì Fẹ́mi, mo sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní:

"Aǹtí, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n sin bàbá mi bí ẹni ń sin olè?"

Ó ṣílẹ̀kùn fún mi, mo jáde.

Tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù ni mo fi lọ síbi ìkómọ ní Sátidé. Nígbà tí pásítọ̀ béèrè orúkọ ọmọ, Fẹ́mi fúnra rẹ̀ ló dáhùn. Ó ní Adéyẹmí. Kò wo ibi tí mo wà, kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní. Ó tọ́ sí mi.

Wọ́n ń gbé ọmọ náà káàkiri fún àdúrà. Nígbà tó kàn mí, mi ò gbà á. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá mi, mi ò rí i kí ẹ jáde. Ẹ dárí jì mí."

Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni mò ń bá ọmọ ṣe. Fẹ́mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gba ọmọ náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì padà lọ jókòó.

Èmi ni, bàbá mi, àkọ́bí yín tó fẹ́ràn yín dénúdénú, ní Manchester.