Wọ́n Ní Kí N Pa Ilà Ojú Mi Rẹ́

Olóòtú ètò rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má dárúkọ mi. Ẹ sáà ní ìyá àgbà kan ní Koumassi, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé.

Mò ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá nínú ayé inú ẹ̀rọ, níbi tí àwòrán kálukú ti ń dúró fún un. Látífà, ọmọ ọmọ mi, ló ń de awò tí mo fi ń rí ibẹ̀ mọ́ mi lójú. Mo ní kó kọ ilà mi sójú àwòrán mi níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan rí i, ó fi Faransé pè mí ní ìyá àgbà: "Mémé, ológbò ló ha ẹ́?" Ó gbá àwòrán mi létí. Mo fi gbogbo agbára gbá a padà. Látífà tó dúró tì mí nínú yàrá ló kígbe! Eyín rẹ̀ kán, ẹ̀jẹ̀ bò mí lọ́wọ́.

Ó ní àfi tí mo bá pa ilà náà rẹ́ lòun tó máa tún de awò náà fún mi. Mo ti bẹ̀ ẹ́ nítorí eyín. N ò ní bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ojú mi. Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ló lè wá bá mi de awò náà?