Ohun tí Mo Sọ fún Ọlọ́pàá nípa Rẹ

Abúlé Ìdí-Ẹmi, lẹ́bàá Ọ̀fà,
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta, 1937.

Japhet Àrẹ̀mú, ọmọ mi,

Ó di ọwọ́ rẹ ní Kàdúná, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ wọn ń bá ọ lára mu? Olúwa tí ó mú ọkọ̀ ojú irin gbé ọ débẹ̀ láyọ̀ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ ṣì níbẹ̀. Òdidi ni o lọ, òdidi ni a ó rí ọ. Àmín. Ìyá rẹ Dinah ní kí n kí ọ kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, ó jókòó tì mí báyìí, ó ń ṣọ́ gègé ọwọ́ mi kí n má baà jí ìkíni rẹ̀ gbé.

A rí lẹ́tà rẹ gbà, inú wa sì dùn pé nínú àádọ́rin ọmọkùnrin tí wọ́n tò síta, o wà lára àwọn tí wọ́n mú. O ní wọ́n fi okùn wọn àyà rẹ, wọ́n ní kí o mí sínú, wọ́n sì tún un wọ̀n. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Òyìnbó tí ó wọ̀n ọ́ náà. Télọ̀ tí ó bá wọn ènìyàn nígbà tí ebi ń pa á, tí ó tún wọ̀n ọ́n bí ìgbà tí ó yó, kò ní rán ẹ̀wù tí yóò fún un lẹ́yìn iyán. Ṣùgbọ́n èyí tí o sọ pé wọ́n ki ìka rẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bọ tàdáwà, tí wọ́n tẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé, ìyẹn dùn mí. Kí àwa tó mọ̀wé kọ, àtàǹpàkò kan péré ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa ní kóòtù. Ìwọ tí o ka Sitáńdáàdì Síkísì, tí o ń fi ìka mẹ́ta kọ orúkọ rẹ gbọnrangandan, kí ló dé tí wọ́n fi gba mẹ́wàá? Fi ìwé ẹ̀rí rẹ hàn wọ́n. Ó tún yà mí lẹ́nu pé tí fèrè bá ti dún láfẹ̀mọ́júmọ́ ni ẹ ó ti máa rìn, ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún, títí oòrùn yóò fi mú, ẹ ó sì padà síbi tí ẹ ti gbéra láìmú nǹkan kan bọ̀. Ṣé ẹni tí ó ń rán yín níṣẹ́ gbàgbé ohun tí ó fẹ́ rán yín ni? Ẹ rọra bi í léèrè, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Jimoh aládùúgbò wa, tí ó ti ṣòwò obì dé òkè Ọya, tún sọ fún wa pé Ungwan Shanu tí o máa ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ Ìbíyínká akọ̀wé ní ọjọ́ ìsinmi, àdúgbò màlúù ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Hausa. Ìyá rẹ pariwo. O mọ̀ pé láti ìgbà tí òbúkọ ti kàn ọ́ ṣubú, nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ni ìwo ẹranko ti ń bà ọ́ lẹ́rù. Máa gba ẹ̀bá ọ̀nà o.

Ọmọ mi, gbogbo èyí ni mo fi ń sá fún ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ti ba iṣẹ́ rẹ jẹ́.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, ọlọ́pàá kan tí ń jẹ́ Àbdùlkàrímù rìn wá láti Ọ̀fà, ó ní àwọn ọ̀gá rẹ ní kí òun wá béèrè irú ọmọ tí o jẹ́ nílé. Japhet, kí ni kí n sọ? Àlejò jókòó sí àgbàlá mi pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù, kí n wá máa yin ọmọ tí mo fúnra mi bí? Bàbá tí ó bí mi kò yìn mí lójú àlejò rí. Mo ní ọmọ lásán ni, pé oorun rẹ pọ̀, pé ọwọ́ rẹ kò bá ọkọ́ rẹ́. Ó kọ ọ́. Nígbà tí mo rí i pé ó ń kọ ọ́ tọkàntọkàn, mo fi kún un pé ojo ni ọ́, pé òbúkọ lásán a máa lé ọ wọlé. Ìyá rẹ kò fẹ́ kí n borí òun nínú ìtẹríba, ó ti ilé ìdáná wí pé ojúkòkòrò rẹ sí ẹran kò kéré. Ó kọ ìyẹn náà. Ó kọjá sọ́dọ̀ Jimoh láti gbọ́ ti ẹlẹ́rìí kejì, Jimoh tí ó fẹ́ràn rẹ bí ọmọ inú rẹ̀ sì ní kí wọ́n kúkú bá wa mú ìyọnu kúrò ní abúlé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì sìn ín dé ìdí igi ẹmi.

Ibẹ̀ ni ó ti dúró, tí ó ní ó dun òun, nítorí ẹni tí ìwé ìwà rẹ̀ bá rí báyìí, wọn kì í fi ṣe ọlọ́pàá, ilé ni wọ́n ń dá a padà sí. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Mo dì mọ́ ọn, mo ní irọ́ ni mo pa. Ó ní ìyẹn tún burú jù, pé òun kò fẹ́ kọ ọ́ kún un pé onírọ́ ni bàbá rẹ. Àánú wa ṣe é ṣáá, ó ní òun kò lè pa ohun tí òun ti kọ rẹ́, ṣùgbọ́n kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ohun tí mo mọ̀, kí o fún ọ̀gá rẹ kí oṣù yìí tó parí.

Mo ti kọ ọ́, òun ni ewé kejì tí mo ká sínú lẹ́tà yìí. Má ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún wọn fúnra rẹ, ìwọ náà kò mọ bí a ṣe ń yin ara ẹni, èmi ni mo sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìbíyínká ni kí ó túmọ̀ rẹ̀. Mo tún un kọ síbí nítorí pé ìwọ náà kò gbọ́ ọ rí:

Ní ọdún tí eéṣú jẹ oko wa tán, Japhet jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó rí àgbò kan tí ó ṣìnà. Ebi wà nílé, èmi bàbá rẹ̀ ni mo sì ní kí á pa á. Ó ní ẹran ẹlẹ́ran ni. Ó so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, ó fi ọjọ́ méjì fà á ká abúlé mẹ́ta títí ó fi rí Zuwera oní-fùrá tí ó ni ín. Ẹ̀rù ìwo rẹ̀ ń bà á, síbẹ̀ ó ń fà á lọ. Nígbà tí ó dé, mo pè é ní òmùgọ̀ lójú gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sẹ́yìn àká, mo sunkún, mo dúpẹ́ pé èmi ni Ọlọ́run fún ní irú ọmọ yìí. Mi ò sọ fún un. Ọ̀gá, ẹni tí ẹ̀rù ń bà tí kò sì sá, tí ebi ń pa tí kò sì jalè, irú rẹ̀ mélòó ni ẹ rí nínú àádọ́rin?

Ibẹ̀ ni mo kọ ọ́ dé. Tàdáwà tí mo fi kọ ọ́, ti olùkọ́ ìjọ wa ni, mo sì ti lò ó tán. Bí wọ́n bá sanwó fún ọ, fi ṣílè kan ránṣẹ́ kí n fi ra òmíràn fún un, kí ìyá rẹ sì fi ìyókù ra iyọ̀. Bí wọn kò bá tíì san án, má ṣe yáwó nítorí tiwa. Ọlọ́run yóò fún ọ ní ojúrere lójú àwọn ọ̀gá rẹ. Fèrè tí ó ń jí ọ láràárọ̀ kò ní jí ọ sí ibi. Ẹsẹ̀ òsì rẹ yóò gbè ọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ yóò gbè ọ́.

Bí wọ́n bá sì dá ọ padà, má ṣe tijú láti wọlé. Ọkọ́ rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N óò pe Jimoh, n óò pe àlejò yòówù tí ó bá ń kọjá lọ, n óò sì yìn ọ́ lójú wọn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Matthias Adébíyìí.