Ìjókòó Yíká Tí Mo Pè ní Ibùdó Gàrí

Kifayah ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà níléèwé níbẹ̀? Ọlọ́hun á máa bá wa ṣọ́ ẹ, a ò ní gbúròó burúkú nípa rẹ. Àlàáfíà la wà ní Lálúpọn, bàbá rẹ ní kí n kí ẹ, òjò sì ti ń rọ̀ dáadáa.

Mo rí fídíò tí o fi ránṣẹ́. Mo rí i tí ẹ jókòó yíká, ọmọ Yorùbá, ọmọ Haúsá, ọmọ Ìgbò, ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, ó ń sunkún, ẹnikẹ́ni ò sì dá a lóhùn. Mo rò pé òkú lẹ ń ṣe, mo ti ní kí Alfa ṣàdúà fún olóògbé kí o tó pè mí pé kò sẹ́ni tó kú, pé ṣe ni kálukú ń sọ ojú tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yà rẹ̀, àti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ ó fi ṣe é. Mo bi ẹ́ pé ta ló wá jàre, o ní kò sẹ́ni tó jàre. Èmi tí mo gbàwé ẹ̀rí nínú kọ́ọ̀sì òwò, mo ní ìyẹn ti pẹ́ jù, àárọ̀ kan ti tó mi.

Ọ̀rọ̀ kúkú wà nílẹ̀. Terhemba àtàwọn èèyàn rẹ̀ tí wọ́n ń bá wa wú ẹ̀gẹ́ ní àwọn ń padà sí Benue. Bí wọ́n bá lọ, a ti tilẹ̀kùn ibùdó nìyẹn. Ni mo bá pe gbogbo wa jọ. Mo ṣàlàyé pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni tiyín, ṣùgbọ́n àwa ò ráyè. Mo jókòó sórí àga, mo ní kí àwọn yòókù dojú korobá délẹ̀ kí wọ́n jókòó lé e. Morónikẹ́ tó ń yan gàrí ní àga gbogbo wọn dọ́gba nínú fídíò. Mo ní ẹni tó pe ìpàdé ló ni àga.

Mo wá fi aago fóònù ṣọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo gbàgbé pé ìpè ìrun laago yẹn máa ń ké. Bí Terhemba ṣe fẹ́ bọ́ sí kókó báyìí, fóònù ké, gbogbo àwọn obìnrin tó ń yan gàrí dìde, wọ́n gba ìdí kànga lọ ṣe àlùwàlá, oòrùn ò sì tíì yẹ̀ lórí, àsìkò ìrun ò tíì tó rárá. Ó wá ku èmi, òun àtàwọn èèyàn rẹ̀. Kò sẹ́ni tí mo lè pàṣẹ fún mọ́, ni mo bá gbọ́rọ̀.

Ó ní, Ìyá, láti ọjọ́ tí mo ti débí lẹ ti ń pè mí ní Àgàtú, Tiv ni mí. Ó ní Lálúpọn níbí ni wọ́n bí ọmọ òun sí, Yorùbá nìkan ló gbọ́, síbẹ̀ bí nǹkan bá sọnù, yàrá àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń tú. Ẹnu ń yún mi láti fèsì. Mo rántí pé o ní a kì í fèsì, mo fọwọ́ bo ẹnu mi. Èmi gan-an ni mo sì máa ń ní kí wọ́n lọ tú u.

Nígbà táwọn obìnrin padà dé, tí wọ́n ń bú fóònù mi, mo ní ọ̀rọ̀ ti parí, mo ti gbọ́, ṣé ẹ ò ní lọ mọ́. Terhemba ní kò tíì parí. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fẹnu ara mi sọ, àwọn ò kúrò ní Lálúpọn títí kálukú á fi sọ tirẹ̀ tán. Wọ́n dìde, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ lóko.

Wọ́n ti gba àga lọ́wọ́ mi. Jọ̀ọ́, dá díẹ̀ padà nínú owó tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹ, ká fi ra bẹ́ǹṣì.

Èmi ló kàn lọ́la. Wọ́n ní kí n sọ irú èèyàn tí mo jẹ́, kí n má sì dárúkọ iye tí wọ́n ń ta gàrí. Mo ti ń rò ó láti àná, iye gàrí nìkan ló ń sọ sí mi lọ́kàn. Tètè pè mí, kí o sọ ohun tí èèyàn ń wí.

Ọlọ́hun á fún ẹ ní ìmọ̀ tó ṣàǹfààní, á sì fún èmi náà ní sùúrù, nítorí kò sí lọ́wọ́ mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Nimotallahi