Àlàyé Tí N Ò Gé Kúrú

Old Market,
Lokoja,
Ìpínlẹ̀ Kogi.
Àlàrùbá, ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án, 2024.

Uwais, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé ara le ní Ìlọrin, ṣé ẹ̀kọ́ ń lọ déédéé? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà nílé. Ìyá ní kí n bi ọ́ bóyá o ṣì ń fo oúnjẹ àárọ̀.

Mo rí iṣẹ́ tí o rán sí mi, pé kí n bẹ àwọn alámòójútó ètò ìrántí abẹ́rẹ́ ọmọ, kí n sì gé àlàyé mi kúrú. N ò bẹ ẹnikẹ́ni, Uwais. N ò sì gé e.

O mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni ètò orí fóònù yẹn, ẹnikẹ́ni ló lè fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i. Òun ni ilé ìwòsàn wa fi ń rán àwọn ìyá létí. Ní Yorùbá, ó ń sọ fún wọn pé, "Ẹ gbé ọmọ wá ní ìjọ méje òní." Ẹni tó ṣe é ka ọ̀la ní ọjọ́ kìíní. Ìyá wo ló ń ka ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa? Òní là ń kà mọ́ ọn. Àlàmísì sí Àlàmísì, ìjọ mẹ́jọ ni. Wọ́n wá ń dé ní Àlàrùbá, bẹ́ẹ̀ Àlàmísì nìkan la ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́.

Mo fi ọ̀kan kún un. Àlàyé tí mo kọ mọ́ ọn nígbà yẹn, ìmọ̀ràn rẹ àtijọ́ pé kó kúrú ni mo tẹ̀ lé: "Àtúnṣe díẹ̀." Kò pé oṣù kan tí alámòójútó kan rí mẹ́jọ níbi tí èdè yòókù ti ní méje. Ó rò pé àṣìṣe ni, ó dá a padà sí méje. N ò bú u. Kí ló fẹ́ fi mọ̀?

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ràfátù, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọmọ wa, wọ ọ̀kadà méjì láti Karaworo ní Àlàrùbá, ọmọ lẹ́yìn. A ní kó padà wá lọ́la. Ó wò mí lójú, ó ní, "Fóònù yín purọ́ fún mi. N ò wá mọ́." Ọmọ náà kò tíì gba abẹ́rẹ́ títí di òní. Ó dùn mí dọ́kàn.

Mo tún fi àtúnṣe náà ránṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ ohun tí mo yí, mo kọ bí a ṣe ń ka ọjọ́, mo sì kọ ọ́ pé obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ padà sílé láìgba abẹ́rẹ́. Wọ́n ní kí n yọ obìnrin náà kúrò, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Mo ní òun gan-an ni ìdí iṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, n ó máa fi ránṣẹ́ títí yóò fi sú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ tún ètò náà ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kò mọ̀ mí, kò sì lè bi mí. Àlàyé yẹn nìkan ni yóò bá.

Àná ni wọ́n gbà á wọlé. Kò dín ní gbólóhùn kan.

Ìwọ ọ̀gá onímọ̀ràn, mo yẹ àtúnṣe mẹ́ta tí ìwọ náà fi ránṣẹ́ sí ètò yìí lóṣù tó kọjá wò. "Mo tún un ṣe" ló wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí lo tún ṣe? Lọ kọ ọ́ dáadáa.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ìmọ̀ tó ń ṣàǹfààní, kó má jẹ̀ẹ́ kí ojú tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ olóríkunkun,
Nímátù.

Àfikún: Ètò náà ti ń kà á bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n Ràfátù kò gbà á gbọ́ mọ́, kò sì sí àtúnṣe tí mo lè fi ránṣẹ́ sí ìyẹn. Ọ̀la ni Àlàmísì. N ó lọ bá a ní Karaworo. Bó bá kọ̀ tí kò wá, èmi fúnra mi ni n ó pọn ọmọ náà wá.