Yẹ̀pẹ̀ tí Mo Ní Kí Wọ́n Dà Bo Òkúta Veskioru

Veskioru,
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá, 1998.

Ẹ̀gbọ́n mi Salme ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé àwọn ọmọ-ọmọ yín ń jẹun dáadáa? Ara tèmi le, ẹ̀rí ọkàn mi ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ṣé ẹ rántí ògiri òkúta yanrìn pupa ẹ̀yìn ilé ọlọ? Òkúta pupa lásán ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, kí àwọn onímọ̀ òkúta tó fún un lórúkọ abúlé wa nígbà tí a wà lọ́mọdé. Láti ìgbà náà, gbogbo irú rẹ̀, títí dé orílẹ̀-èdè Latvia tó múlé gbè wá, ń jẹ́ Òkúta Veskioru. Nígbà tí yìnyín yọ́ lọ́dún yìí, ẹ̀rù bà mí pé yóò ya lulẹ̀ pa ẹnì kan. Mo bẹ àwọn tó ń ṣe ọ̀nà, wọ́n sì da yẹ̀pẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. N kò sọ fún ẹnì kankan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, onímọ̀ òkúta kan, Maarika, ti ìlú yín wá. Egungun ẹja tó wà nísàlẹ̀ òkúta náà ló fẹ́ fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà tó rí yẹ̀pẹ̀, ó káwọ́ lérí.

"Ta ló ṣe irú èyí? Bí n kò bá rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, òkúta abúlé Saarepalu la máa fi ṣe àpẹẹrẹ irú rẹ̀ dípò tiyín o, orúkọ á sì lọ síbẹ̀."

Heino aládùúgbò mi fò sókè. "Saarepalu kẹ̀? Àwọn tí ilé ìwẹ̀ tí wọ́n ń dáná sí ń jóná mọ́ lọ́wọ́ lọ́dọọdún! Ẹni tó da yẹ̀pẹ̀ yìí, kí ọ̀dùnkún rẹ̀ rà mọ́ inú àpò!"

Ẹ̀gbọ́n mi, mo bá a ṣe àmín.

Ìgbà náà ni mo rántí àjà ilẹ̀ tí bàbá wa gbẹ́ sínú òkúta kan náà láti máa kó ọ̀dùnkún sí. Ẹ mọ̀ pé n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kan ìṣó mọ́ ọn, kó má baà wó. Mo fún Maarika ní kọ́kọ́rọ́. Bó ṣe ń lu òkúta nínú, bẹ́ẹ̀ ni èmi ń fi ọwọ́ méjèèjì ti òpó ẹnu ọ̀nà. Ó jáde pẹ̀lú ìpẹ́ ẹja dúdú kan.

"Bàbá, irú ẹja tí à ń wá nìyí! Ogún dín nírínwó mílíọ̀nù ọdún rèé! Àjà ilẹ̀ yín la ó máa wá wò báyìí. Orúkọ yín ò lọ ibì kankan."

Heino dì mọ́ mi, ó sì gbé ẹja yíyan wá. N kò lè jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ Sunday, gbogbo abúlé fẹ́ péjọ sẹ́nu àjà ilẹ̀ náà láti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ Heino ṣì ń ṣépè fún ẹni tó da yẹ̀pẹ̀, àná ni mo sì bá ọ̀dùnkún rírà nínú àpò mi. Bóyá ilẹ̀kùn tí a ṣí sílẹ̀ ló fà á.

Mo ti pinnu pé èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, n ó sì jẹ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni tó yìn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ọkọ̀ àárọ̀ wá. Ẹ dúró ti Heino, kí ẹ sì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni àbúrò yín tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,
Ilmar