Àwòrán Ọwọ́ Tí Mo Ń Fi Ránṣẹ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ẹ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ tí wọ́n rò pé inú fóònù ni bàbá wọn àgbà ń gbé. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run tó ń mú ẹ jáde láàárọ̀ á máa mú ẹ wọlé nírọ̀lẹ́, ọ̀gá rẹ kò ní fi ojú burúkú wò ẹ́, ẹ̀rọ tó ń gbé yín gun òkè ilé iṣẹ́ yẹn kò sì ní dúró sáàárín ọ̀nà pẹ̀lú rẹ láéláé. Èmi àti ìyá rẹ wà dáadáa. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò, ṣùgbọ́n a ti gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, garawa náà sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́. Adìẹ ìyá rẹ pa ọmọ mẹ́sàn-án, ó ku mẹ́jọ, ìyá rẹ ní èmi ni mo tẹ ọ̀kan pa. Mi ò tẹ ẹnikẹ́ni pa. Ó jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ó ní tí mo bá fo ibì kan nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́, òun á gba bíírò lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ọ̀tún mi ni. Má bínú pé mi ò pè ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, mi ò sì fọkàn tán fóònù yẹn mọ́ láti ọjọ́ tí o ní kí dókítà ọ̀dọ̀ yín wo ọwọ́ mi látinú rẹ̀. Mo wẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo wọ aṣọ mi tó dáa jù, mo ní kí ìyá rẹ gbá gbogbo iwájú ilé nítorí mi ò mọ ibi tí ojú ọkùnrin náà lè dé. Ó yọ sí mi, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kí n gbé ọwọ́ sún mọ́ òun. Mo gbé e sún mọ́ ọn. Ó ní ó tún kù díẹ̀. Mo bá kúkú gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lójú, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn dáadáa kó lè fọwọ́ kan kókó tó yọ síbẹ̀, àfi bí gbogbo rẹ̀ ṣe ṣókùnkùn. O ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó dáa, ṣùgbọ́n tí o bá tún rí dókítà náà, bá mi wo ojú rẹ̀ bóyá kò wú.

Lẹ́yìn ìyẹn lo sọ pé dókítà ní kí n máa gbé ọwọ́ ọ̀tún lé bébà lóṣooṣù, kí n fi pẹ́ńsù tọ etí rẹ̀ yí ká, kí n sì fi ránṣẹ́, kí òun lè mọ bí àwọn ìka mi ṣe ń yára tẹ̀ tó. Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, kó má baà dà bíi pé mò ń wá àwáwí.

Kókó kékeré ló kọ́kọ́ yọ, nísàlẹ̀ ìka òrùka, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Kò dùn mí. Mo ní àlùmọ́gàjí tí mo ti ń fi gé aṣọ láti ọdún mọ́kànlélógójì ló dá a síbẹ̀. Ọdún kan gbáko ló fi jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tó máa dìde, láàárín oṣù mẹ́ta ó ti di okùn lábẹ́ awọ, ìka òrùka sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í foríbalẹ̀. Ó tún dúró fún oṣù mẹ́jọ, mo ń dúpẹ́ pé ó ti tán, àṣé ó lọ mú ọmọńdinrín wá ni. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa níbí ṣàlàyé fún mi pé ohun kan tó wà lábẹ́ awọ àtẹ́lẹwọ́ ló ń nípọn, tó ń súnkì, tó sì ń fa ìka wọlé. Ó yé mi kíákíá. Bí èèyàn ṣe ń ki òwú sí ìbàdí yẹ̀rì ni, tó bá fa òwú, aṣọ á kó jọ. Mo bi í pé ṣé kò lè wá orí òwú náà kó tú u. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó tún béèrè bóyá ẹnì kan nínú ìdílé wa ní irú rẹ̀, nítorí ó máa ń rin ìdílé. Mo rántí bàbá mi káfíńtà. Ìka méjì rẹ̀ ti ká mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kí n tó gbọ́njú, àwa ọmọ sì máa ń sọ pé súìtì ló fi pamọ́ síbẹ̀ tí kò fẹ́ fún wa. Tó bá fẹ́ súre fún mi, á gbé ọwọ́ náà lé mi lórí, oríkèé ìka á gbá mi ní àtàrí kò! Mo máa ń yẹ orí. Ọjọ́ tí mo ń lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀, mo yẹ orí débi pé ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sí èjìká mi, àdúrà ò sì tíì parí. Ó kàn ki ọwọ́ sẹ́yìn. Ọmọ mi, ó ń dùn mí báyìí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù nílé ìwòsàn náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n fàmì sí ọ̀kan: àìsàn yìí ń yára, ó ń rọra, àbí ó dúró. Mo fàmì sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ó ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú mi. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ní kọ̀ǹpútà ò lè gbà ju ẹyọ kan lọ. Mo ní kó bá mi bẹ kọ̀ǹpútà náà, kó sọ fún un pé àgbàlagbà ni mí, mi ò lè purọ́ sórí ìwé. Wo ẹnu tí mo fi sọ ọ́!

Mo gbìyànjú ìtọ́jú ara mi o. Epo máṣíìnì tí mo ń kán sí ẹ̀rọ ìránṣọ mi tó bá gan, mo fi pa ìka náà fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, torí mi ò rí ìdí tí epo tó tú irin kò fi ní tú ẹran ara. Aṣọ àwọn oníbàárà ló gba àbàwọ́n epo, ìka ò mira. Mo so ó mọ́ rúlà ní gbogbo ọ̀sán. Ìyàwó oníbúrẹ́dì wọlé, ó rò pé mò ń wọn ọwọ́ ara mi láti fi rán ìbọ̀wọ́, ó ní kí n rán tòun mọ́ ọn. Mi ò lè ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbọ̀wọ́ obìnrin náà ti wà nílẹ̀, ó ń béèrè tèmi kó lè rí bó ṣe bá mi mu.

Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Tèmi ò wọ àpò ṣòkòtò ara mi mọ́, èmi tí mo rán àpò náà. Tí mo bá ń bọ́jú láàárọ̀, ọmọńdinrín á gún mi lójú. Tí mo bá bọ èèyàn lọ́wọ́, ìka méjì á há sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bíi pé mò ń bá a dọ́gbọ́n, ọ̀pọ̀ wọn á sì wò mí tìfura-tìfura. Ní báǹkì, ọmọbìnrin inú gíláàsì wo ìfọwọ́sí mi, ó ní kì í ṣe ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Mo gbé ọwọ́ náà sókè fún un, mo ní òun nìyí, òun náà ni, ó ti dàgbà ni. Ó ní kí n lọ gba fọ́ọ̀mù.

Ó dáa. Ìyá rẹ ti ń wo bíírò yìí.

Àwòrán mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́, òótọ́ ni wọ́n. Ní oṣù kẹrin, mo gbé ọwọ́ lé tábìlì, ìka òrùka kọ̀, kò kan bébà. Pẹ́ńsù gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ̀rù bà mí. O ti sọ fún mi pé tó bá tún tẹ̀ sí i, dókítà á gé àtẹ́lẹwọ́ náà láti yọ okùn abẹ́ awọ yẹn. Nínú iṣẹ́ tèmi, ohun tí a bá ti gé, a kì í sọ ọ́ di àìgé mọ́. Mo rò ó pé tí wọ́n bá gé e tí kò dáa, ṣọ́ọ̀bù ti pa dé nìyẹn, ta ni mo tún wá jẹ́? O mọ bí télọ̀ ṣe ń ṣe. Ẹyọ àwòṣe kan là ń yà sórí bébà, a ó fi gé apá ọ̀tún, a ó yí bébà dojú dé, a ó fi gé apá òsì. Bébà kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Mo mú bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo fi ń ya àwòṣe, mo gbé ọwọ́ òsì mi tó dá ṣáṣá lé e, mo yà á, mo yí bébà náà padà, mo tọ ojú ìlà rẹ̀, mo sì kọ ọ̀tún sí i. Oṣù méjìlélógún ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ òsì ni mo ń fi ránṣẹ́ sí ẹ, ọmọ mi. Ká ní o wò ó dáadáa ni, wàá ti bi ara rẹ pé, bó bá jẹ́ ọ̀tún ló wà lórí bébà, báwo ni ọwọ́ òsì èmi tí mi ò fi òsì kọ nǹkan rí ṣe ń fa ìlà tó gún tó báyẹn.

Ìwé tí o kọ lóṣù tó kọjá ló bà mí nínú jẹ́. O ní dókítà kó gbogbo àwòrán náà jọ, ó gbé ọ̀kan lé èkejì, ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, ọwọ́ náà kò sún ní ọdún méjì. O ní o jó nínú ọ́fíìsì rẹ̀. O ní wọ́n ti fi àyè iṣẹ́ abẹ tí wọ́n yà sílẹ̀ fún mi fún awakọ̀ kan. Ìyá rẹ jó pẹ̀lú, èmi náà gbé ẹsẹ̀ díẹ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Lọ́jọ́ ìṣẹ́gun, mo tẹ́ aṣọ búlúù tí o fi ránṣẹ́ sórí tábìlì, èyí tí o máa wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n máa fi ẹ́ ṣe ọ̀gá níbi iṣẹ́. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fa gbogbo ìlà rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e láti ọrùn wá, ìka méjèèjì há sínú ihò àlùmọ́gàjí, mo fà á, kò jáde, mo fà á tagbáratagbára, ni irin bá sáré wọ àyà aṣọ títí dé ìbàdí. Ìyá rẹ ló fi ọṣẹ yọ ọwọ́ mi. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo aṣọ, ó wo bébà àwòṣe tí mo ya ọwọ́ òsì sí tó wà nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì yé e. Ó jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ń bẹ ìwọ náà. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

A lọ bá nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kejì. Ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ bí àìsàn yìí ṣe máa yára tó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ó ní tí wọ́n bá gé okùn náà, ó ṣeé ṣe kí ìka òrùka nà, ṣùgbọ́n oríkèé ọmọńdinrín ti ká pẹ́ jù, ó lè má nà tán mọ́, wọ́n ì bá sì ti nà án ká ní mo tètè wá. Ó tún lè padà wá lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e. Mo ní mo gbọ́. Mo ṣe tán, kí wọ́n gé e.

Nítorí náà, jọ̀wọ́ sọ òótọ́ fún dókítà, kó wá àyè míì fún mi, bó bá tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀yìn ogún èèyàn. Fi owó ọkọ̀ èèyàn méjì ránṣẹ́, ìyá rẹ ò jẹ́ kí n dá wá mọ́. Fi díẹ̀ kún un fún irú aṣọ búlúù yẹn. Mi ò ní gé e, ọmọbìnrin tí mo kọ́ níṣẹ́ ló máa gé e, èmi á kàn jókòó tì í. Kí ìwọ náà sì gbé ọwọ́ rẹ méjèèjì lé tábìlì báyìí, kí o wò ó bóyá wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí kókó kan bá wà níbẹ̀, má ṣe bíi tèmi.

Àwòrán òótọ́ wà nínú àpò ìwé yìí. Ọwọ́ òsì mi ló yà á, ìyá rẹ ló di bébà mú, ìlà rẹ̀ sì wọ́. O ò ní rí ọmọńdinrín níbẹ̀. Kò já, abẹ́ ló wà. Má yí bébà náà padà o. Ojú tó kọ sí ẹ yẹn, ọ̀tún nìyẹn.

Ọlọ́run á fún ẹ ní ọmọ tí kò ní fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ fún ẹ, á sì fún wọn ní ìyá tí wọn ò ní láti bi léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ rẹ á bá ẹ dalẹ́. Nígbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ yín, kí wọ́n tó gbé mi wọ yàrá ibi tí wọ́n ti ń gé e, màá fi ọwọ́ náà súre fún ẹ bó ṣe wà yẹn. Oríkèé rẹ̀ máa gbá ẹ lórí. Jọ̀wọ́, ọmọ mi, má yẹ orí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.