Bàbá Onílẹ̀kùn, Ẹni Tí Ilẹ̀kùn Yàrá Wọn Há

Ọdún 1947 ni wọ́n bí olóògbé, tí tàgbà tèwe mọ̀ sí Bàbá Onílẹ̀kùn. Ìdílé oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ti wá: bàbá wọn ń kan àga, ìyá wọn ń ránṣọ. Inú ilé yìí gan-an ni wọ́n bí wọn sí, nínú yàrá ẹ̀yìn tí ilẹ̀kùn rẹ̀ há. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn sọ́kàn.

Lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, wọ́n kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Ní ọdún 1974, wọ́n fẹ́ Màmá, tí í ṣe nọ́ọ̀sì. Màmá ló kọ́kọ́ sọ fún wọn pé àwọn tó ń ya àwòrán ọsibítù kò ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn kọjá lẹ́nu ọ̀nà rí láyé wọn. Bí ilẹ̀kùn ṣe di iṣẹ́ òòjọ́ Bàbá nìyẹn.

Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọsibítù, Bàbá ni wọ́n ń pè kí wọ́n wá sọ irú ilẹ̀kùn tó yẹ yàrá kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ máa rí rà lójà. Ti yàrá ẹ̀síréè, níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun, ní òjé nínú, àwọn géńdé a sì làágùn kí wọ́n tó gbé e kọ́. Ti àwọn tí ọkàn wọn dàrú kò ní ibi tí okùn lè kọ́, ó sì ṣeé fà síta bí ẹni inú bá tilẹ̀ fi ẹ̀yìn dí i.

Ní ọdún 1981, ó rẹ Bàbá, wọ́n sì gbà kí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan máa ṣí sínú. Ìyá arúgbó kan ṣubú sẹ́yìn rẹ̀. Bí àwọn èèyàn ṣe ń ti ilẹ̀kùn, ara ìyá ni wọ́n ń tì. Wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn kí wọ́n tó rí ìyá gbé jáde. Ìyá náà yè. Láti ìgbà náà, Bàbá kì í fọwọ́ sí àwòrán kankan àfi kí wọ́n kan férémù ilẹ̀kùn, kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì wá, kí ẹnì kan sùn lé e, kí wọ́n tì í kọjá. Ẹni tó bá ń jiyàn jù ni wọ́n ń ní kó sùn. Ọ̀gá kan fi ìgbọ̀nwọ́ gbá férémù, àríyànjiyàn sì parí.

Iṣẹ́ náà tán wọn lókun. Ìpàdé lórí ìpàdé: àwọn kan ń fẹ́ kí ilẹ̀kùn há, Bàbá ń bẹ̀bẹ̀ pé kó fẹ̀. Wọ́n á délé, wọ́n á sùn lọ sórí àga tàwọn ti bàtà. Ní ilé ìsìn, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n sì ń sùn kí ìwàásù tó gbóná. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn àdúgbò tó bá ń ké, Bàbá ló ń fi òróró sí i.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Màmá ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fẹ ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn lójú. Èsì Bàbá ni pé, "Jẹ́ kí n parí ọsibítù yìí ná." Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Nígbà tí àìsàn dé, bẹ́ẹ̀dì àwọn tó wá gbé Bàbá lọ sí ọsibítù kò gba ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń sùn. Àga ni wọ́n gbé wọn jókòó sí, wọ́n dà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, èjìká wọn ha mọ́ férémù, wọ́n ń kérora. Màmá sọkún. Ní ọsibítù, ilẹ̀kùn tí Bàbá fúnra wọn yàn ni wọ́n bá wọlé, bẹ́ẹ̀dì kò kan ibì kankan. Bàbá ní, "Tí mo bá padà, màá fẹ tilé lójú." Wọn ò padà.

Màmá ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ: nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti awakọ̀, àti àwọn ọmọ-ọmọ.

Ó ti rẹ ẹbí. Ẹ má bínú sí erùpẹ̀ ẹnu yàrá ẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ yìí ni bírìkìlà wó ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà náà kó lè fẹ̀. Màmá ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì wá. Màmá fúnra wọn ló sùn lé e, àwọn ọmọ tì wọ́n kọjá, kò kan ibì kankan. Ìgbà náà ni Màmá tó gbà kí pósí wọlé.

Bàbá Onílẹ̀kùn, ọ̀nà ti fẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní dà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́. Ẹ rọra máa lọ, ẹ sùn re o.